Páńẹ́ẹ̀lì áláàmù iná: conventional ni kí a rà, àbí addressable?

Bí ẹ bá ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní Kàbà, ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Mọ̀pà tàbí ilé ìwòsàn aládàáni ní Ìsánlú, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníná yóò gbé bébà iye owó méjì síwájú yín. Ọ̀kan jẹ́ ti páńẹ́ẹ̀lì conventional, tó ń sọ apá ilé tí iná wà nìkan, èkejì jẹ́ ti addressable, tó lè sọ yàrá náà gan-an, addressable sì wọ́n ju ìkejì rẹ̀ lọ dáadáa. Oníná á ní addressable ni ayé ń lò báyìí. Bó bá jẹ́ pé yàrá mẹ́jọ péré ni ilé yín ní, a jẹ́ pé èrè tirẹ̀ ló ń rò.

Ohun tí mo máa ń bi àwọn onílé kò sí nínú bébà yẹn. Ta ni yóò dúró níwájú páńẹ́ẹ̀lì náà ní aago méjì òru? Kí ni yóò rí kà lójú rẹ̀? Ta ni yóò sì tún un ṣe bó bá bàjẹ́? Lágbègbè wa, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ́, ẹni tó mọ addressable tọwọ́tẹsẹ̀ lè ní láti ti Lọ́kọ́jà, Ìlọrin tàbí Abuja wá, owó ọkọ̀ rẹ̀ á sì wà lọ́rùn yín. Nítorí náà, ilẹ̀ Ọ̀kun ni mo ń fi ìfiwéra yìí wò, mi ò wo ilé alájà ogún ní Èkó.

Ibi tí wọ́n ti jọra

Àpótí irin ni méjèèjì, ara ògiri nítòsí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e kọ́. Wọ́n ń gba iná NEPA, wọ́n ń sọ ọ́ di fóòtì 24, wọ́n sì ní bátìrì méjì onífóòtì 12 tí a so pọ̀ fún ìgbà tí iná bá lọ. Wáyà ń jáde láti inú wọn lọ sọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń mọ èéfín tàbí ooru, sọ́dọ̀ break glass, ìyẹn àpótí pupa tí à ń tẹ̀ lára ògiri, àti sọ́dọ̀ agogo. Iná aláwọ̀ ewé lójú wọn túmọ̀ sí pé iná NEPA wà. Pupa ni ti iná tó ń jó. Yẹ́lò ni ti àìsàn inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tàbí ti apá kan tí ẹnìkan ti pa.

Conventional

Wáyà méjì ń jáde láti inú páńẹ́ẹ̀lì lọ sí apá kan ilé. Sóònù là ń pe apá yẹn. Gbogbo sẹ́ńsọ̀ àti break glass ibẹ̀ so mọ́ wáyà méjì kan náà, wọ́n tò tẹ̀léra, resistor kékeré kan, ohun tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù, sì wà lórí èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Nígbà gbogbo ni kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀ ń gba inú resistor yìí kọjá, tí páńẹ́ẹ̀lì sì ń wọ̀n ọ́n. Bí sẹ́ńsọ̀ kan bá rí èéfín, á fa kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ sí i, agogo á dún. Bí eku bá gé wáyà, kọ́rẹ́ǹtì á dáwọ́ dúró, páńẹ́ẹ̀lì á tan yẹ́lò, á kọ FAULT.

Ẹ fi ọkàn sí resistor yẹn o. Àwọn oníná kan wà tí ó máa ń sú láti wá ibi tí wáyà parí sí, wọ́n á wá fi resistor há inú páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì á dákẹ́, iná aláwọ̀ ewé á máa tàn, onílé á san owó. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá gé lọ́la, páńẹ́ẹ̀lì kò ní mọ̀, torí pé resistor tó ń wò kò kúrò níwájú rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ kò le: ẹ ní kí ó yọ sẹ́ńsọ̀ tó jìnnà jù lọ ní sóònù kọ̀ọ̀kan kúrò ní ìdí rẹ̀. FAULT gbọ́dọ̀ yọ. Bí kò bá yọ, iṣẹ́ kò tíì parí.

Àléébù conventional ni pé sóònù nìkan ló mọ̀. Agbo ilé ló máa dárúkọ, kò ní dárúkọ ẹni tó ń ké nínú rẹ̀. Bí sóònù kẹta bá jẹ́ yàrá méjìlá tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì, ẹ ó máa ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí èkejì. Iná pupa kékeré tó wà lára sẹ́ńsọ̀ tó rí èéfín á ṣì máa tàn títí ẹ ó fi tẹ RESET, bọ́tìnì tó ń dá páńẹ́ẹ̀lì padà sípò, ṣùgbọ́n inú yàrá ló wà, ilẹ̀kùn sì wà láàárín yín. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: ẹ ní kí wọ́n fa iná àmì kékeré láti ara sẹ́ńsọ̀ wá sí òkè ilẹ̀kùn lóde. Ẹni tó ń sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ á kàn gbójú sókè ni. Bí ilé ìgbàlejò yín kò bá tóbi, àmì orí ilẹ̀kùn yìí lè gbà yín lọ́wọ́ owó addressable.

Ìlànà iṣẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BS 5839-1, tí ọ̀pọ̀ oníná nílẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, kò fẹ́ kí sóònù kan kọjá àjà kan bí ilé bá tóbi, kò sì fẹ́ kí ó ju mítà onígun mẹ́rin 2,000 lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ sí sóònù kan nítorí àtitọ́jú wáyà.

Addressable

Níbí, wáyà kan ṣoṣo ló ń jáde, ó ń yí gbogbo ilé ká, ó sì ń padà wá sínú páńẹ́ẹ̀lì. Lúùpù ni wọ́n ń pè é. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, páńẹ́ẹ̀lì sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìsinmi, wọ́n ń dá a lóhùn. Lúùpù kan lè gbé ohun èlò tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí iná bá ṣẹ́, ojú páńẹ́ẹ̀lì á kọ ọ́ síta: yàrá 14, àjà kejì, apá ìwọ̀ oòrùn. Bí wáyà bá gé níbì kan, páńẹ́ẹ̀lì á ké sí wọn láti ìhà méjèèjì, kò sí sẹ́ńsọ̀ tí yóò sùn. Bí wáyà méjì bá fara kanra, isolator tó wà lójú lúùpù á ya ibi tó bàjẹ́ sọ́tọ̀, bí wọ́n bá fi sí i. Ẹ béèrè isolator, nítorí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò nínú bébà nígbà tí oníbàárà bá ní kí owó wálẹ̀.

Mo ti rí addressable olówó ńlá tí ó kọ DEVICE 037 síta nígbà tó dún. Ta ló mọ ibi tí 037 wà? Ẹni tó gbé e kọ́ kò tẹ orúkọ yàrá sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ san owó tó pọ̀. Conventional tó ní àmì lórí ilẹ̀kùn sàn ju irú èyí lọ.

Ohun kejì ni kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí ètò inú páńẹ́ẹ̀lì. Àwọn páńẹ́ẹ̀lì kan wà tí iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti ti inú wọn pa: láìsí sọ́fítíwíà wọn, ẹ kò lè fi sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo kún un. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí ẹ lè rà ní ọjà, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè tí páńẹ́ẹ̀lì ń sọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè fún kóòdù, fáìlì ètò inú rẹ̀ lórí fúláàṣì, àti sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àfikún tí ẹ ó fi pamọ́.

| Ohun tí à ń wò | Conventional | Addressable |
|---|---|---|
| Ibi tí iná ti ṣẹ́ | sóònù nìkan | sẹ́ńsọ̀ gan-an, bí wọ́n bá tẹ orúkọ sí i |
| Bí wáyà bá gé | èyí tó wà lẹ́yìn ibi tó gé á sùn | gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ |
| Ẹni tó lè tún un ṣe | oníná tó ní mítà ìdánwò, tó sì mọ resistor | ẹni tó ní kóòdù àti sọ́fítíwíà |
| Eruku inú sẹ́ńsọ̀ | ó di ìgbà tó bá dún lásán kí ẹ tó mọ̀ | ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sọ fún yín kí ó tó dún |
| Bátìrì | kékeré lè tó | ó ń fẹ́ bátìrì ńlá |

Ìlà tó sọ nípa eruku yẹn ni ó máa ń mú kí n dúró rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń bọ̀ láti àríwá ń wọ ibi gbogbo, páńẹ́ẹ̀lì tó sì lè sọ pé sẹ́ńsọ̀ yàrá 6 ti ń dọ̀tí ń gba ọ̀pọ̀ òru là. Ẹ̀yin tí ilé yín ní àjà mẹ́ta, tàbí tí ilé ìwòsàn yín ní búlọ́ọ̀kù bíi mẹ́rin, ẹ má rò ó pẹ́: addressable ni kí ẹ rà.

Bátìrì, ibi tí iná ìlú wa ti ń dá sí ọ̀rọ̀

Ní ìlú tí iná kì í lọ, wákàtí 24 ni wọ́n sábà máa ń ṣírò bátìrì fún, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí agogo yóò fi dún. Lọ́dọ̀ wa, iná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bátìrì á gbẹ, bátìrì lead-acid tó bá sì gbẹ pátápátá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kì í padà bọ̀ sípò dáadáa. Páńẹ́ẹ̀lì yóò máa tan iná aláwọ̀ ewé nígbà tí NEPA bá dé, kò sì ní ní ẹ̀mí kankan nígbà tí NEPA bá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò wákàtí 72. Conventional kékeré kan lè máa jẹ ámpì 0.08 nígbà tó bá dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 72, ó jẹ́ ámpì-wákàtí (Ah) 5.76. Agogo rẹ̀ lè jẹ ámpì 0.5 fún ìdajì wákàtí, ìyẹn 0.25. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.01. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.25 nítorí ogbó bátìrì, ó lé díẹ̀ ní 7.5, bátìrì 12Ah á sì gbé e pẹ̀lú àyè. Addressable tó ń jẹ 0.25 nígbà ìdákẹ́jẹ́, tí agogo rẹ̀ ń jẹ ámpì 1, á di 18.5, tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 1.25 á lé ní 23. Bátìrì 24Ah méjì nìyẹn, ó sì lè má gba inú àpótí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì nínú páńẹ́ẹ̀lì lè má lágbára tó. Àpẹẹrẹ ni àwọn nọ́ńbà ámpì wọ̀nyí. Ti páńẹ́ẹ̀lì tiyín wà nínú ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀.

Ẹni tó bá ní solar tàbí inverter, ẹ fa wáyà ọ̀tọ̀ láti ibẹ̀ wá sí páńẹ́ẹ̀lì, kí ó ní switch tirẹ̀ tí wọ́n kọ "ẹ má pa á" sí lára. Ẹ má so ó mọ́ ìlà kan náà pẹ̀lú fíríìjì.

Sẹ́ńsọ̀: ibẹ̀ ni kí owó yín lọ

Páńẹ́ẹ̀lì dáadáa tó ní sẹ́ńsọ̀ tí kò bá yàrá mu yóò máa dún lásán, ẹni tó bá sì dún fún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní dìde ní ẹ̀kọkànlá.

Sẹ́ńsọ̀ èéfín oní-ìmọ́lẹ̀ ni mo máa ń yàn fún yàrá ìsùn, ọ́fíìsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ibi ìkówèésí. Nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kan ń tàn nínú òkùnkùn láìkan ojú tó ń wòye, bí èéfín bá wọlé, ó á tú ìmọ́lẹ̀ náà ká títí yóò fi kan ojú yẹn. Ó máa ń tètè mọ iná tó ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, irú èyí tí fóòmù bẹ́ẹ̀dì tàbí wáyà tó gbóná ń ṣe. Àbùkù rẹ̀ ni pé eruku àti kòkòrò kékeré náà ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Oríṣi kan tún wà tó ń lo americium-241, ohun tó ń tú ìtànṣán. Ó yára bí iná bá ń jó lálá, ó lọ́ra bí iná bá ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ kò sì lè jù ú sórí ààtàn bí ó bá gbó. Ẹ fi sílẹ̀.

Nínú ilé ìdáná, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń fi igi dáná tàbí tí wọ́n ti ń din àkàrà, sẹ́ńsọ̀ ooru ni. Ẹ yan èyí tó ń dúró de ìwọ̀n ooru kan pàtó, kì í ṣe èyí tó ń wo bí ooru ṣe ń yára gòkè, nítorí pé ìkòkò ńlá tí wọ́n ṣí lè gbé ooru sókè lójijì. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà náà, sẹ́ńsọ̀ ooru ni, torí èéfín jẹnẹrétọ̀ á máa dààmú sẹ́ńsọ̀ èéfín.

Abẹ́ páànù ni ọ̀pọ̀ oníná ti máa ń ṣì í. Sẹ́ńsọ̀ ooru class A1 ń dún láàárín 54 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius, ibi tí ooru kì í kọjá 50 ló sì bá mu. Àjà òkè lábẹ́ páànù lóṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe irú ibẹ̀. Class B, tó ń dún láàárín 69 sí 85, ni kí ẹ fi síbẹ̀. Wọ́n máa ń kọ class náà sára sẹ́ńsọ̀, ẹ gbé ojú sí i kí wọ́n tó gun àkàbà.

Sẹ́ńsọ̀ èéfín kan ń ṣọ́ ibi tí kò ju mítà 7.5 lọ láti ibi tó wà, ti ooru kò kọjá mítà 5.3. Kí ó jìnnà sí ògiri tó ìdajì mítà, kí ó sì jìnnà sí ẹnu AC tó mítà kan. Ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ ga gan-an ń fẹ́ ẹ̀rọ onítànṣán tó ń ta ìmọ́lẹ̀ láti ògiri kan dé èkejì. Fún ilé tí ìdílé kan ń gbé, ẹ fi páńẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ẹ ra sẹ́ńsọ̀ adánìkanṣiṣẹ́ tó ń lo bátìrì tirẹ̀.

Nígbà tó bá dún

Ohun tí ọwọ́ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sáré sí ni SILENCE, bọ́tìnì tó ń pa agogo lẹ́nu mọ́. Ojú ló yẹ kó ṣáájú ọwọ́. Ẹ ka ohun tó wà lójú páńẹ́ẹ̀lì, ẹ sọ ọ́ síta kí ẹlòmíràn gbọ́, ẹ jẹ́ kí agogo máa dún kí àwọn ènìyàn máa jáde. Ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wáyé láàárín nọ́ọ̀sì àti ọlọ́dẹ rí báyìí:

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa á. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Sóònù kẹrin ni, nọ́ọ̀sì."

"Yàrá àwọn ọmọdé. Mo ń lọ. Ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà ńlá, kí ẹ tẹ 112."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe mọ nìyẹn. Ìwé ńlá kan tó sọ pé sóònù kẹrin ni yàrá àwọn ọmọdé gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńẹ́ẹ̀lì, ní èdè tí ọlọ́dẹ ń kà. Bí ó bá jẹ́ Owé tàbí Yàgbà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pe yàrá náà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé kò sí iná, tàbí tí ó ti kú, ẹ tẹ SILENCE, kí ẹ tó wá tẹ RESET. Bí RESET kò bá gbà, èéfín ṣì wà nínú sẹ́ńsọ̀ kan, tàbí break glass kan ṣì wà ní títẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ lọ wò ó. Bí káfíńtà tàbí akunlé bá ń ṣiṣẹ́, ẹ lo DISABLE fún sóònù yẹn nìkan, kí ẹ fi ìdérí bo sẹ́ńsọ̀, kí ẹ sì ṣí méjèèjì padà ní ìrọ̀lẹ́. Iná yẹ́lò tó ń tàn lẹ́yìn tí akunlé ti lọ sílé ni ẹ óò fi mọ̀ pé ẹnìkan gbàgbé.

Pípì tí páńẹ́ẹ̀lì máa ń pè nígbà FAULT máa ń bí àwọn ènìyàn nínú. Ìwé pelebe tí wọ́n fi dí ẹnu buzzer, mo ti rí i níbi púpọ̀. FAULT tí kò bá lọ láàárín ọjọ́ kan, oníná ni kí ẹ pè.

Àyẹ̀wò

Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí kan náà, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ìdánwò tẹ break glass kan, kí ó má jẹ́ èyí tí ẹ tẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ tẹ̀ sínú ìwé. Lóṣooṣù, ẹ pa iná NEPA páńẹ́ẹ̀lì náà, kí ẹ wò bóyá bátìrì gbé agogo. Bátìrì tó ti lo bí ọdún mẹ́rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ èéfín, agolo gáàsì ìdánwò ni wọ́n fi ń dán an wò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwọn oníná kan máa ń dáná sun bébà tàbí kí wọ́n gbé kọ́ìlì ẹ̀fọn sábẹ́ rẹ̀. Èédú á wọnú rẹ̀, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì ìdí tó fi ń dún lásán ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Sẹ́ńsọ̀ ooru, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni, àfi oríṣi tí nǹkan inú rẹ̀ ń yọ́ tí kì í padà sípò: ìyẹn, wíwò lójú nìkan. Lẹ́yìn ọyẹ́, kí oníná fi burọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ń fa eruku nu ara gbogbo sẹ́ńsọ̀ èéfín. Bí sẹ́ńsọ̀ bá pé ọdún mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́.

Ẹ fi ìdá mẹ́wàá owó náà pamọ́ sọ́wọ́ títí di ọjọ́ ìfilé-lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kí oníná ta gáàsì sí sẹ́ńsọ̀ kan tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, lójú ọlọ́dẹ tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, kí ọlọ́dẹ sì ka ohun tó wà lójú páńẹ́ẹ̀lì, kí ó rìn lọ sí yàrá náà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó padà wá tẹ SILENCE àti RESET. Bí ó bá ṣe é láìsí ìrànlọ́wọ́, ẹ san ìyókù.